Ewé orí àpáta ìlú ìyá mi: ṣé ẹ̀yà tuntun ni? Ta ló sì ń sọ ewéko lórúkọ?

Olódòdó Yábàá
Ọjọ́ Ajé, 8:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Yábàá ni mò ń gbé, òdòdó ni mò ń tà lẹ́bàá títì. Èyí tó ń yá lọ́wọ́ mi jù ni àwọn ewéko tí ewé wọn nípọn, tí wọ́n ń fi omi pamọ́ sínú ara, àwọn tí oníbàárà ń pè ní sọ́kúlẹ́ńtì. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Mo mọ èyí tí omi àpọ̀jù ń pa, mo mọ èyí tó fẹ́ràn oòrùn ìyálẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ewé kan wà lórí báńkónì mi báyìí tí n ò mọ̀, ó sì ti gbà mí lọ́kàn.

Nígbà tí a lọ sin ìyá ìyá mi ní Òkè-Ògùn lọ́dún tó kọjá, mo gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wọn lọ́jọ́ kejì ìsìnkú. Inú pàlàpálá àpáta yẹn, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ò tó ẹ̀kúnwọ́, ni mo ti rí i. Ó jọ ọ̀dúndún, àmọ́ kì í ṣe ọ̀dúndún tí a mọ̀. Ewé ọ̀dúndún ní ọwọ́ tó fi di ìtì mú. Èyí ò ní, ìdí ewé fúnra rẹ̀ ló gbá ìtì mọ́ra. Ìtì náà ò rí róbótó, igun mẹ́rin ló ní, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ. Irun wẹ́wẹ́ bò ó láti òkè délẹ̀, bí mo bá sì fọwọ́ kàn án, ó máa ń lẹ̀ mọ́ mi níka bí oyin tó fẹ́ gbẹ.

Ìyá mi ní ọ̀dúndún àpáta ni ìyá àgbà ń pè é. Mo hú kékeré méjì tòun ti gbòǹgbò wá sí Èkó. Ọ̀kan kú, ọ̀kan yè. Mo ti wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n ò rí ohun tó bá a mu nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń tà.

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ewéko kan jẹ́ tuntun? Tó bá jẹ́ tuntun lóòótọ́, ta ló láṣẹ láti sọ ọ́ lórúkọ, ṣé wọ́n sì ń gbowó? Mo ń béèrè torí pé mo fẹ́ kó máa jẹ́ orúkọ ìyá àgbà. Àṣàkẹ́ ni oríkì wọn.

Ìyá Ẹlẹ́wẹ́-ọmọ
Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́

Ọmọ mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta ewé ní Múṣín. Ọ̀dúndún, rinrin, tẹ̀tẹ̀, àbámodá, etí erin, ọjà ikòokò, kò sí èyí tí kì í gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ewé tó ti ní orúkọ lẹ́nu ìyá àgbà yín kì í ṣe ewé tuntun. Kí ẹnì kan tó lè pe nǹkan ní ọ̀dúndún àpáta, ó ti wò ó, ó ti fi wé ọ̀dúndún ilé, ó ti rí i pé orí àpáta ló ń gbé. Ìmọ̀ nìyẹn. Bi ìyá rẹ léèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, kó tó di ohun ìgbàgbé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Ọjọ́ Ajé, 10:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà. Ìmọ̀ ewéko ni mò ń kọ́ ní Akọka. Mo gbà pẹ̀lú yín, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ “tuntun” yìí máa ń da èèyàn láàmú. Bí onímọ̀ ewéko bá ní ẹ̀yà kan jẹ́ tuntun, ohun tó ń sọ ni pé kò tíì sí ẹni tó ṣe àpèjúwe rẹ̀, tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ pamọ́ síbi tí ẹlòmíì lè lọ wò ó. Àwọn tó ń lò ó lè ti máa lò ó láti ìran dé ìran.

Ọdún 1753 ni òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ewéko sí. Ọdún yẹn ni Carl Linnaeus, ará Sweden, tẹ ìwé tó ti fún ewéko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì: àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìran, èkejì jẹ́ ti ẹ̀yà. Ọ̀dúndún wa ni Kalanchoe crenata. Crenata ń tọ́ka sí eyín wẹ́wẹ́ tó wà létí ewé rẹ̀. Àbámodá ni Kalanchoe pinnata, tí àwọn mìíràn ń pè ní Bryophyllum pinnatum. Ẹ ó rí i nínú ìwé pé wọ́n máa ń kọ “(Lam.) Pers.” sẹ́yìn Kalanchoe pinnata. Ìtàn ewé náà ni wọ́n fi lẹ́tà díẹ̀ yẹn sọ. Lamarck, ará Faransé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ní 1786, inú ìran Cotyledon ló fi í sí. Nígbà tó di 1805, Persoon, onímọ̀ ewéko mìíràn, gbé e bọ́ sínú Kalanchoe. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ wà nínú àkámọ́, ẹni tó gbé e kúrò wà níta. Bí wọ́n bá tún gbé e lọ síbòmíì lọ́la, orúkọ Lamarck kò ní kúrò nínú àkámọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ orúkọ ṣì jìnnà. Iṣẹ́ tó wà níwájú ni kí ẹ fi ewé yín wé gbogbo ìbátan rẹ̀ tó ti wà nínú àkọsílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi hàn pé kò sí èyí tó jẹ́ òun nínú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ “ẹ̀yà tuntun” máa ń parí sí. Bó bá yege níbẹ̀, ẹ ó mú ẹ̀ka tó ní òdòdó, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kó gbẹ, ẹ ó sì kó o lọ sí hàbéríọ̀mù, ilé tí wọ́n ń pa ewé gbígbẹ mọ́ sí. Yunifásítì Èkó ní ọ̀kan, LUH ni àmì rẹ̀. Ti àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn ni FHI. Ẹyọ kan tí ẹ bá yàn nínú àwọn tí ẹ tẹ̀ ni yóò jẹ́ ewé ẹlẹ́rìí, èyí tí wọ́n ń pè ní holotype. Òun ni orúkọ náà so mọ́. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, òun ni wọn yóò lọ gbé jáde wò. Láti 1958 ni òfin ti sọ yíyan ẹlẹ́rìí di dandan.

Àpèjúwe rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní Látìnì tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1935 títí di òpin 2011, Látìnì nìkan ni òfin gbà. Ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko ní Melbourne ló yí i padà, ìyípadà náà sì múlẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2012. Ní ti owó, kò sí owó ìsọmọlórúkọ. Ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí lè gbowó ìtẹ̀wé, ìyẹn yàtọ̀. Kò sí ọba kan tó ń fọwọ́ sí orúkọ pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀lé òfin ìsọmọlórúkọ ewéko ló lè ṣe é. Nǹkan bí 2,000 ẹ̀yà ewéko ni wọ́n ń sọ lórúkọ lọ́dọọdún káàkiri ayé.

Ṣé tiyín ti yọ òdòdó? Bí kò bá tíì yọ ọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ pẹ̀lú ìdánilójú.

Olódòdó Yábàá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:55 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Kò tíì yọ òdòdó. Mo pe ìyá mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ìyá àgbà máa ń gún un, wọ́n á pò ó mọ́ òrí, wọ́n á sì fi pa orí ọmọ tí ara rẹ̀ bá ń gbóná. Ẹni tó bá lọ já a gbọ́dọ̀ lọ kí ìrì tó gbẹ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́wẹ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni títẹ̀ yẹn. Ẹyọ kan péré ló kù lọ́wọ́ mi. Ṣé mo gbọ́dọ̀ pa á ni?

Bàbá Atẹwé
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ka kan tó ní òdòdó àti ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìkòkò, ó lè tún rú.

Iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì nìyí. Ewé igi lásán kì í dààmú ẹni, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti gbẹ. Àwọn olómi-nínú wọ̀nyí ni kì í gbà láti kú. Nígbà kan, mo tẹ àbámodá sáàárín ìwé ìròyìn, mo fi pátákó méjì há a, mo fi okùn fà á le. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tú u. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti hù yí etí ewé náà ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ewé méjì tí kò tó èékánná ọmọ tuntun, gbòǹgbò wọn funfun bí òwú, ó ti wọnú ìwé ìròyìn. Mo pe àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Kò rí oòrùn, kò rí omi, ó sì ń bímọ nínú òkùnkùn. N ò lè ju àwọn ọmọ yẹn nù. Mo gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa.

Nítorí náà, omi gbígbóná la máa ń lò. Di òdòdó rẹ̀ mú lókè, kí o ti ewé àti ìtì bọ inú omi tó ń hó fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, kí ewé fi rọ̀ wọ̀ọ̀. Má jẹ́ kí omi yẹn kan òdòdó rárá. Ewé tó bá nípọn jù, fi abẹ là á lẹ́yìn, kí o fi ṣíbí ha inú rẹ̀ jáde kó ku awọ. Ojoojúmọ́ ni kí o máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn, pàápàá lásìkò òjò Èkó yìí, torí bí o bá jáfara fún ọjọ́ méjì, ó ti bu. Ju òdòdó méjì tàbí mẹ́ta sínú ìgò sípírítì. Àwọ̀ wọn á ṣí, ṣùgbọ́n wọ́n á dúró bí wọ́n ṣe rí láàyè, ẹni tó fẹ́ là wọ́n wò á lè là wọ́n.

Èyí tó ṣe kókó jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ rẹ. Ewé olómi tó ti gbẹ máa ń tan ẹni tí kò rí i láàyè jẹ. Gbogbo ohun tí yóò sọnù ni kí o kọ: àwọ̀ òdòdó, bí ewé ṣe nípọn tó ní mìlímítà, bí oje rẹ̀ ṣe rí, bóyá irun rẹ̀ ń lẹ̀, bóyá ó ń rùn, bó ṣe ga tó, ohun tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Mo ti rí ewé tí wọ́n já láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, tó gbẹ dáadáa, tó wà ní mímọ́, tí a ò lè lò fún nǹkan kan torí pé ẹni tó já a kọ “òdòdó wà” kò sì sọ àwọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:18 ọ̀sán

Arábìnrin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ orúkọ ìlú yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ, kí ẹ sì yọ fọ́tò tó fi ojú àpáta náà hàn. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn olè ti hú ẹgbẹẹgbẹ̀rún Conophytum, àwọn ewéko kéékèèké tó rí bí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kó ewéko jọ lókè òkun. Àwọn ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí kò sí ju orí òkè kan ṣoṣo lọ. Ẹni mẹ́ta tó bá mú àpò lọ síbẹ̀ lálẹ́ kan lè pa irú wọn run kúrò láyé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ nípa sọ́kúlẹ́ńtì tuntun kì í fi sọ ibi tó wà gan-an mọ́. Agbègbè ńlá ni wọ́n máa ń dárúkọ, èyí tó kù wà lọ́dọ̀ hàbéríọ̀mù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á náà, ẹ rántí pé Aloe (àfi Aloe vera) àti Euphorbia tó jẹ́ sọ́kúlẹ́ńtì wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu. Wọn kì í kọjá ẹnubodè láìsí ìwé.

Olódòdó Yábàá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:50 ọ̀sán

Mo ti yọ ọ́. Ẹ ṣeun. N ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti pinnu pé láti òní lọ, n ó máa bi ẹni tó bá gbé ewé wá tà fún mi léèrè ibi tó ti mú un.

Tíṣà Èbúté-Mẹ́ta
Ọjọ́rú, 7:20 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, torí pé èdè Yorùbá ni mo fi ń jẹun. Akẹ́kọ̀ọ́, mo gbọ́ pé òfin yín kò gba àmì sórí lẹ́tà. Ṣé òótọ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Ọjọ́rú, 7:41 alẹ́

Òótọ́ ni, sà. Gbogbo àmì, tòkè tìsàlẹ̀, ni wọ́n ń bọ́ kúrò nínú orúkọ ewéko. Kì í ṣe Yorùbá nìkan, ti Faransé àti ti Jámánì pẹ̀lú. Orúkọ ẹ̀yà lè ti inú èdè èyíkéyìí wá, òfin ò bínú sí Yorùbá rárá. Bó bá jẹ́ orúkọ obìnrin tó parí sí fáwẹ́lì bíi e, wọ́n á fi -ae kún un; ti ọkùnrin, -i. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ fi sọrí Àṣàkẹ́, ohun tí yóò jáde ni asakeae.

Tíṣà Èbúté-Mẹ́ta
Ọjọ́rú, 8:30 alẹ́

Mo kọ ọ́ sórí ìwé, mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Asakeae. Àṣàkẹ́ ni ẹni tí a ṣà láti kẹ́. Gbólóhùn odidi ni oríkì yẹn, ìfẹ́ bàbá àti ìyá ló wà nínú rẹ̀. Bọ́ àmì abẹ́ rẹ̀ kúrò, ṣà ti di sa, kẹ́ ti di ke, kò sí ẹni tí a ṣà mọ́, kò sí ẹni tí a ń kẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dúndún àpáta. Bí ẹ bá kọ apata lásán, ohun tí jagunjagun fi ń gba ọfà dúró ni èmi yóò kà. Ohùn ni Yorùbá. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí ilé kò ní lè dá mọ̀ mọ́, ta ló ń jẹ́ ẹ?

Mi ò sọ pé kí a má fi Yorùbá sọ ewéko o. Mò ń sọ pé kí a wá bí ohùn yóò ṣe bá a lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́

Ọ̀nà wà, sà. Nínú àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀yà tuntun jáde, wọ́n sábà máa ń ya ìpínrọ̀ kan sọ́tọ̀ láti ṣàlàyé orúkọ náà. Òfin àmì ò dé ibẹ̀. Ẹ lè kọ Àṣàkẹ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ẹni tó ń jẹ́ ẹ, yóò sì wà níbẹ̀ títí láé.

Mo mọ ohun tó ń dun tíṣà. Ẹ wo iṣin. Blighia sapida ni wọ́n sọ ọ́ ní 1806. Sapida ní ó ládùn, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n Blighia ni orúkọ Bligh, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbé e láti Jàmáíkà lọ sí Kew, ọgbà ewéko ńlá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1793. Ilẹ̀ wa níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni èso náà ti kọ́kọ́ dé Jàmáíkà. Àwọn tó ti ń jẹ ẹ́ kí a tó bí Bligh, tí wọ́n mọ̀ pé a kì í ká a àfi tó bá là fúnra rẹ̀, kò sí wọn nínú orúkọ yẹn. Ti obì yàtọ̀ díẹ̀: Cola nitida, Cola acuminata. Ẹnu àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni kola ti wá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Òfin yẹn sì ń yí padà bí àwọn èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ní oṣù keje 2024, níbi ìpàdé wọn ní Madrid, wọ́n dìbò pé kí gbogbo ewéko tó ń jẹ́ caffra di affra, torí èébú burúkú ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ tó ju 200 lọ ló kàn. Olódòdó, ó dá mi lójú pé Portulacaria afra wà nínú ọjà yín, èyí tí ìtì rẹ̀ pupa tí ewé rẹ̀ kéré róbótó. Afra yẹn ní “ti Áfíríkà”. Ọ̀rọ̀ tó mọ́ nìyẹn.

Ìyá Ẹlẹ́wẹ́-ọmọ
Ọjọ́bọ̀, 5:50 àárọ̀

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ohun kan wà tí mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́. Olódòdó ní ìyá àgbà ní kí wọ́n já ewé náà kí ìrì tó gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá mi kọ́ mi lórí àbámodá. Àbámodá tí a já ní ìdájí máa ń kan. Èyí tí a já lọ́sàn-án kì í kan, kò sì ní adùn kankan. Kí ló ń fà á?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Ọjọ́bọ̀, 8:10 àárọ̀

Ìyá wa, ohun tí ẹ sọ yìí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Benjamin Heyne kọ ọ́ ránṣẹ́ láti Íńdíà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1815, lórí ewé yẹn gan-an. Ó tọ́ ọ wò láàárọ̀, ó kan. Ó tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, kò ní adùn. Lálẹ́, ó fẹ́ korò. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló tẹ̀lé e.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn ihò tíntìntín wà lára ewé tó fi ń mí. Ewé lásán ń ṣí tirẹ̀ lọ́sàn-án, omi sì ń gba ibẹ̀ jáde lọ pẹ̀lú oòrùn. Ewé tó ń gbé orí àpáta kò lè fi omi tàfàlà bẹ́ẹ̀. Lóru ló ń ṣí i, nígbà tí ilẹ̀ tutù. Ó ń gba afẹ́fẹ́ tó fẹ́ fi ṣe oúnjẹ sínú, ó sì ń pa á mọ́ bí omi kíkan. Bí oòrùn bá yọ, á ti ilẹ̀kùn, á máa lo èyí tó ti kó jọ. Títí di ọ̀sán, omi kíkan náà ti tán. Inú orúkọ ìdílé ọ̀dúndún àti àbámodá, Crassulaceae, ni wọ́n ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe ètò yìí.

Ẹ̀gbọ́n Olódòdó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ tiyín o. Àwọn kan nínú ìran Kalanchoe ní májèlé tó ń mú ọkàn. Ó ti pa màlúù àti àgùntàn rí.

Olódòdó Yábàá
Ọjọ́ Ẹtì, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mi ò fẹnu kan ọ̀dúndún àpáta. Àbámodá ni mo fi wò ó. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí n tó jáde, mo já etí ewé kan, mo fi ahọ́n kàn án, mo sì tu ú dànù. Ó kan bí ewé ìṣápá tútù. Mo padà já láti ara ewé kan náà ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Bí omi lásán ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń ta ewé yìí.

Olódòdó Yábàá
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:12 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o. Ó YỌ ÒDÒDÓ.

Òdòdó náà dúró ṣánṣán, ojú rẹ̀ ń wo òkè. Kò dorí kodò bíi ti àbámodá tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí agogo. Àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìyeyè tó ti pọ́n dáadáa. Ewé òdòdó rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Mo fi abẹ́rẹ́ là á wẹ́wẹ́ lábẹ́ awò tí Akẹ́kọ̀ọ́ yá mi: okùn wẹ́wẹ́ tó gbé lẹ́búlẹ́bú dání jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, ilé èso mẹ́rin sì wà ní àárín. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí Bàbá Atẹwé ṣe ní kí n kọ ọ́. Mo ti ewé bọ omi gbígbóná, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo pààrọ̀ ìwé ìròyìn fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Lánàá, a gbé e lọ sí Akọka. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ níbẹ̀ wo irun rẹ̀, ó wo igun mẹ́rin ìtì, ó wo ìdí ewé tó gbá ìtì mọ́ra, ó ka òdòdó, ó sì gbé ewé gbígbẹ mìíràn jáde, ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí ó tó sọ̀rọ̀ ni mo ti rí i. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Kalanchoe lanceolata. Ó ti ní orúkọ tipẹ́tipẹ́.

N kò lè purọ́, ó dùn mí. Mo ti ń pe orúkọ ìyá àgbà mọ́ ọn lórí báńkónì láràárọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:48 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo wà níbẹ̀, mo rí ojú yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn orúkọ yẹn fún yín. Peter Forsskål, akẹ́kọ̀ọ́ Linnaeus, ló rí i ní Yemen. Ọba Dẹ́ńmáàkì ló rán òun àtàwọn kan lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Ibà pa á síbẹ̀ ní oṣù keje 1763, kò tíì pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Carsten Niebuhr, ẹnì kan ṣoṣo tó padà délé láàyè nínú gbogbo wọn, ló tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1775. Persoon, tí wọ́n bí ní Gúúsù Áfíríkà, ló gbé e bọ́ sínú Kalanchoe ní 1805. Lanceolata ni pé ewé rẹ̀ rí bí ẹnu ọ̀kọ̀. Láti Yemen, Íńdíà, títí dé àpáta ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà, ẹ̀yà kan náà ni. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbé e wá.

Bàbá Atẹwé
Ọjọ́ Àìkú, 7:05 àárọ̀

Ọmọ mi, má bọkàn jẹ́. Ewé tí o tẹ̀ yẹn ń lọ sínú àpótí ilé ìpamọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀yà náà ń gbé nílẹ̀ Yorùbá yóò kàn án. Ìwé pélébé kan máa ń wà ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Orúkọ ẹni tó já a wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Olúkúlùkù ló ń ka tirẹ̀ láti orí ení. Ìwọ ti ní nọ́ńbà 1 báyìí. Àyè tún wà fún orúkọ ìbílẹ̀ àti ìlò. Ìwé yẹn kì í ṣe orúkọ Látìnì, òfin àmì ò kàn án.

Tíṣà Èbúté-Mẹ́ta
Ọjọ́ Àìkú, 7:30 àárọ̀

Àmì ohùn á lọ síbẹ̀ pé pérépéré. Kọ ọ́ wá kí n bá ọ wò ó kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Olódòdó Yábàá
Ọjọ́rú, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe é. Tíṣà bá mi wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ṣeun sà. Ìyá mi náà bá mi lọ sí Akọka. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ibi tí mo ti lọ tẹ̀ ẹ́ ní Yábàá kò gbé àmì abẹ́ jáde, gbogbo ṣ di s. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo fi bírò dúdú tó mú fi wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé:

Orúkọ ìbílẹ̀: ọ̀dúndún àpáta. Ìlò: a ń gún un pò mọ́ òrí, a fi ń pa orí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná, kí ìrì tó gbẹ ni a ń já a. Ẹni tó sọ ọ́: Àṣàkẹ́, láti ẹnu ọmọ rẹ̀ obìnrin.

Ìyá mi kà á sókè, ó ní kí n tún un kà fún òun. Ìdí tó kù nínú ìkòkò ti rú ewé méjì.